Ẹ Bi Àǹtí: Kí Ni Ká Fi Sórí Kọ̀ǹpútà Àwọn Ọmọ?

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé. Ìbéèrè kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn: ọmọ fẹ́ lo kọ̀ǹpútà, kí ni ká fi sórí ẹ̀? Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows tàbí Linux, ni wọ́n ń sọ. Mo ṣa díẹ̀ nínú wọn, mo gé àwọn tó gùn jù, mo sì yọ orúkọ kúrò. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mókọ́lá mọ̀ pé n kì í ta láàpútọ́ọ̀pù, títún un ṣe ni mo ń ṣe. Kò sí ọjà tí mo ń polówó níbí.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ ọkọ mi pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n wá fún un ní HP EliteBook 840 G3 méjì, àlòkù. A fẹ́ kó jẹ́ ti àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Ẹnjiníà àdúgbò wa ní òun lè fi ipá gbé Windows 11 lé e, ká mówó wá. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní ká má dá a lóhùn, Linux ni ká fi sí i. Èmi ò mọ Linux rí. Àwòrán yíyà ni àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn, Kẹ́hìndé sì ń da géèmù láàmú. Ẹ̀rù fídíò burúkú ń bà mí. Kí ni ká ṣe?

Ẹ kú ọmọ, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Owó ẹnjiníà yẹn, ẹ jẹ́ kó wà lápò yín ná.

Nígbà tí Windows 11 jáde ní 2021, Microsoft là á sílẹ̀ pé kọ̀ǹpútà tó máa gbé e gbọ́dọ̀ ní RAM (àyè tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB, àyè 64GB, àti ẹ̀yà ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0. Ìyẹn kọ́ ló lé tiyín bọ́ o. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà ni. Ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n gbà, ìran kẹfà ló sì wà nínú 840 G3. Lóòótọ́ ni pé ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń tan ètò náà kó lè wọlé, kì í sì í gba àkókò. Ṣùgbọ́n Microsoft fúnra wọn ti sọ pé ẹ̀rọ tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe tó bá ń jáde lẹ́yìn náà. Ẹ ó sanwó lónìí. Lọ́jọ́ tí àtúnṣe ńlá kan bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ ó tún gbé e lọ bá a, yóò sì tún gbowó.

Ẹ lè fi Windows 10 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Microsoft fi ọdún kan kún ìtọ́jú ààbò rẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní ESU, ìyẹn títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Fún àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó dáa. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, n kò rí ìwúlò ẹ̀.

Àbúrò yín ló sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣàlàyé tó. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, nígbà tó ń kàwé ní yunifásítì ní Helsinki, orílẹ̀-èdè Finland. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè mú un kó tún un tò, ìdí nìyẹn tí orúkọ fi pọ̀ lára ẹ̀: Ubuntu, Debian, Fedora, Mint àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín, Linux Mint ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá ti lo Windows rí kò ní ṣìnà nínú ẹ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣí nǹkan wà nísàlẹ̀ lápá òsì, aago wà lápá ọ̀tún, fóldà sì wà níbi tí ojú ti mọ̀ ọ́n. Tí RAM yín bá jẹ́ 8GB, ẹ mú èyí tí wọ́n ń pè ní Cinnamon. Tó bá jẹ́ 4GB, ẹ mú Xfce, òun ló fúyẹ́. Mint 22 tó jáde ní 2024 yóò máa gba ìtọ́jú títí di 2029, àwọn ìbejì á ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà.

Ẹ má tíì pa Windows rẹ́ o. Ẹ ní kí àbúrò yín fi Wi-Fi yunifásítì gbé Mint wálẹ̀, nítorí ó tó bíi 3GB, kó gbé e sórí fláàṣì, kó sì fi fláàṣì yẹn tan ẹ̀rọ. Mint yóò ṣí látorí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé Wi-Fi ń wọlé? Ṣé ohùn ń jáde? Ṣé tí ẹ bá pa á dé tí ẹ tún ṣí i, ó ń jí? Bí gbogbo ẹ̀ bá dáa, ẹ wá gbé e wọlé pátápátá. Bí ibì kan bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ yọ fláàṣì, Windows yín ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Software Manager, ibi tí wọ́n ti ń mú áàpù nínú Mint, kí ẹ wá GCompris. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2000. Eré ẹ̀kọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ẹ̀ fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá: ìṣirò, lẹ́tà kíkà, aago wíwò, títẹ kíbọ́ọ̀dù, títí dórí chess. Ẹ tún mú Tux Paint fún àwòrán. Ó ní òǹtẹ̀, ó ní àwọ̀, ó sì máa ń pariwo bí ọmọ bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fa ilà. Ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé tí mo ń ṣe fún àwọn ọmọ àdúgbò, ariwo yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fẹ́ràn, àwòrán ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí méjèèjì bá ti wọlé tán, wọn kì í béèrè dátà mọ́. Ní ti Kẹ́hìndé, bó bá jẹ́ Roblox ló ní lọ́kàn, ẹ yáa tètè sọ fún un pé wọn ò ṣe é fún Linux. SuperTuxKart wà, eré ìje mọ́tò ni, ọ̀fẹ́ ni. Minecraft náà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Java Edition, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń ra ìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò sì kan Linux nìkan. Ẹni tí páásíwọ̀dù alákòóso bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀pọ̀ òbí bá ra ẹ̀rọ, ọmọ ni wọ́n máa ń fún kó tan án, ọmọ náà á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, á fi páásíwọ̀dù tirẹ̀ sí i, ó ti di ọ̀gá nìyẹn. Asẹ́ tí ẹ bá fi sí i lẹ́yìn náà, òun ni yóò yọ ọ́. Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì méjì sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Àkáǹtì àkọ́kọ́ jẹ́ tiyín, òun ló lágbára àtikó nǹkan wọlé àti àtiyọ nǹkan. Èkejì jẹ́ ti ọmọ, kò ní agbára yẹn. Bó bá fẹ́ áàpù tuntun, á pè yín, ẹ ó jọ wò ó. Ẹ má ṣe kọ páásíwọ̀dù sẹ́yìn kàlẹ́ńdà o. Àwọn ọmọ mi ka ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà kí wọ́n tó ka Bíbélì.

Ti àkókò: áàpù kan wà nínú Software Manager yẹn náà tó ń jẹ́ Timekpr-nExt. Ẹ lè sọ fún un pé wákàtí kan lójúmọ́, kó má kọjá aago méje alẹ́. Bí àkókò bá pé, á kìlọ̀, á sì lé ọmọ jáde.

Ti fídíò burúkú: Cloudflare ní asẹ́ ọ̀fẹ́ kan fún ìdílé láti 2020. Nínú ètò Wi-Fi kọ̀ǹpútà náà, níbi tí wọ́n kọ DNS sí (òun ló ń bá kọ̀ǹpútà wá àdírẹ́sì ojúlé), ẹ fi 1.1.1.3 àti 1.0.0.3 síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojúlé ìwòkuwò ò ní ṣí mọ́. Wi-Fi tí ẹ ṣe é fún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún, bí wọ́n bá bọ́ sórí hotspot ẹlòmíì, ẹ ní láti tún un ṣe. Bí ẹ bá ní MiFi tàbí router tó gbà kí ẹ ṣe é lára ẹ̀, ibẹ̀ ló dáa jù. Kò ní dí YouTube, nǹkan tí kò yẹ ojú ọmọ sì pọ̀ ní YouTube. Pálọ̀ ni kí kọ̀ǹpútà méjèèjì máa gbé, kí ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí ẹ máa ń jókòó sí.

Ó ku díẹ̀ péré. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì tó ti lo ọdún bẹ́ẹ̀, bátìrì rẹ̀ lè ti kú. Bí NEPA bá mú iná lójijì, á kú fin-ín, ohun tí ọmọ ń ṣe á sì bá a lọ. Bó bá jẹ́ háàdì dísíìkì àtijọ́ ló wà nínú wọn, owó tí ẹ fẹ́ fún ẹnjiníà, ẹ fi ra SSD, háàdì ìgbàlódé tó yára. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àti pé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Mint, lábẹ́ Nigeria. Àwọn ìbejì lè máa fi àmì sórí orúkọ ara wọn láti ìsinsìnyí.

Bàbá kan, Abẹ́òkúta: Ọmọkùnrin mi wà ní SS3, ó sì fẹ́ jókòó fún JAMB. Mo fẹ́ ra láàpútọ́ọ̀pù fún un. Ó ní Linux ni òun fẹ́, pé òun ni àwọn ọ̀gá kọ̀ǹpútà ń lò. Èmi ti rí tuntun kékeré kan tí owó ẹ̀ ò wọ́n, 64GB, wọ́n kọ "Windows 11 S" sí i lára. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ bá mi kí ọmọ náà, ojú ẹ̀ ti là. Àmọ́ ọdún JAMB kọ́ ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ Linux. Windows ni kí ẹ rà fún un.

Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME ti di orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ sọ́fíwíà ìdánrawò tí wọ́n ń tà nígboro, Windows tàbí fóònù ni wọ́n ṣe é fún. Lóòótọ́, ọgbọ́n wà láti gbé e sórí Linux, ṣùgbọ́n òru tó yẹ kó fi ka Físíìsì ni yóò fi máa jà pẹ̀lú ẹ̀. Kó yáa lo òru yẹn fún bọ́tìnnì mẹ́jọ tí JAMB ní kí wọ́n máa tẹ̀: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìdánwò ránṣẹ́, R láti yí ìpinnu yẹn padà. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ mẹ́jọ yìí, bí mouse ibùdó ìdánwò bá ń há, kò kàn án.

Èyí tí ẹ rí yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. "S" yẹn túmọ̀ sí pé áàpù inú Microsoft Store nìkan ló máa gbà wọlé. Sọ́fíwíà JAMB tí ẹ bá rà lórí fláàṣì, kò ní gbà á. Ẹ lè yọ S kúrò lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá sì ti yọ ọ́, kò ṣeé dá padà, ìyẹn ò burú. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni 64GB. Windows fúnra ẹ̀ á jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀, àtúnṣe á jẹ nínú èyí tó kù, kó tó di ọdún kejì ọmọ á máa pa fótò rẹ́ kí ẹ̀rọ lè mí. Pẹ̀lú owó kan náà, ẹ lọ wá tòkunbọ̀ ọ́fíìsì tó ní RAM 8GB àti SSD 256GB.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, ẹ má wo orúkọ ara ẹ̀rọ nìkan, nítorí orúkọ kan náà lè ní ìran méjì nínú. Ẹ ní kó ṣí Settings, System, About, kí ẹ wo nọ́ńbà Intel. Bó bá jẹ́ i5-8250U, 8 tó ṣáájú yẹn ni ìran ẹ̀, ó yege. Bó bá jẹ́ i5-6300U tàbí i5-7300U, Windows 11 ò gbà á, kódà bí ẹ bá rí Windows 11 lójú ẹ̀ tó ń dán. Wọ́n fi ipá gbé e wọlé ni.

Kí ẹ tún wo ojú ìwé Activation. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì tó ti ìlú òyìnbó wá sábà máa ń ní ìwé àṣẹ Windows nínú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá tún Windows ojúlówó gbé wọlé, á dá ṣí ara rẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ máa rà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi "activator" ṣí i fún yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń béèrè ni pé kí ẹ pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì. Kí ló fẹ́ kó wọlé tí kò fẹ́ kí ọdẹ rí?

Nítorí dátà yín: nínú ètò Wi-Fi, ẹ tan "Metered connection". Windows á dín àtúnṣe tó ń fà lábẹ́lẹ̀ kù gan-an. Ẹ wá yan ọjọ́ kan lóṣù tí ẹ óò tú u sílẹ̀ kó gba gbogbo rẹ̀, ẹ má fi í pamọ́ títí láé.

Microsoft Family Safety wà fún òbí, ó ń ka àkókò, ó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí fóònù yín, asẹ́ ojúlé rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lórí Edge. Ọmọ SS3 ni tiyín o. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tan án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fi gbogbo ọgbọ́n tó ní wá ọ̀nà gbà lẹ́yìn ẹ̀.

Ní ti Linux rẹ̀: inú Windows 11 yẹn náà ló wà. Kó ṣí Terminal lórí àkáǹtì alákòóso, kó tẹ *wsl --install*, Ubuntu á wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Lẹ́yìn JAMB ni o.

Ìyá kan, Ìlọrin: Mo ra Chromebook tòkunbọ̀, láàpútọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google, fún ọmọ mi tó wà ní Primary 5. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dáa. Nígbà tí ó há, wọ́n ní ká pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Látìgbà yẹn, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà ló ń gbé jáde, ó ní ká fi àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ náà wọlé. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ló lè tú u sílẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ra Chromebook púpọ̀ máa ń forúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google, kí wọ́n lè máa darí wọn láti ojú kan. Bí ẹ̀rọ bá gbó, ó yẹ kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbé e jù síta. Àwọn kan máa ń gbàgbé. Nígbà mìíràn, jíjí ni wọ́n jí ẹ̀rọ náà. Èyí ó wù kó jẹ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá nù ún mọ́ tí ó sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, á béèrè lọ́wọ́ Google ta ló ni òun, wọ́n á sì sọ fún un. N kì í já irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé e wá. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á pẹ̀lú rìsíìtì yín, kí ẹ béèrè owó tàbí ẹ̀rọ mìíràn. Bí nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ náà bá wà lójú rẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí wọn, àwọn kan máa ń tú u sílẹ̀ bí ẹ̀rọ náà kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ń wá.

Fún àwọn tó fẹ́ rà: kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí oníṣòwò nù ún lójú yín. Níbi tí ó ti ń béèrè pé ta ló fẹ́ wọlé, kó tẹ Ctrl, Alt, Shift àti R pọ̀, kó yan Powerwash. Bó bá tún tan, ẹ fi hotspot fóònù yín sí i, kí ẹ dúró títí tí yóò fi béèrè àkáǹtì Google lásán. Bí oníṣòwò bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ tún wo ọjọ́ tí àtúnṣe ẹ̀ máa dópin, ó wà nínú Settings, lábẹ́ About ChromeOS. Láti 2023 ni Google ti sọ pé Chromebook tó bá jáde láti 2021 síwájú yóò máa gba àtúnṣe fún ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é jáde ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á, nítorí náà tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú lè jẹ́ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Ṣé Chromebook dáa fún ọmọ? Ó dáa gan-an, bí Wi-Fi bá wà nílé. Ó ń tètè tan, fáírọ́ọ̀sì kì í sábà rí i mú, Family Link, áàpù Google fún òbí, sì jẹ́ kí òbí máa fi fóònù darí ẹ̀. Fún ilé tó jẹ́ pé dátà 1GB ni wọ́n ń ṣọ́ lò, èmi ò ní fi í ṣe àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan, Manchester: Mo fẹ́ fi MacBook tí mo lò tán ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ṣé ó tọ́?

Bí ẹ bá ti ní i tẹ́lẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ra á ni, ẹ má ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànlá á jókòó lé e lórí láìpẹ́, iye tí wọ́n ń pe ojú Mac lè ra odindi láàpútọ́ọ̀pù mìíràn. Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ jáde kúrò nínú iCloud àti Find My kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹ bá gbàgbé, ọmọ ò ní lè lò ó, ẹ ó sì máa ka nọ́ńbà fún un lórí fóònù láàárín òru. Orí ṣájà UK àti ti Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ má ra òmíràn.

Olùkọ́ kan, Ìṣẹ́yìn: Ọmọ ìlú wa kan kó ogún láàpútọ́ọ̀pù àlòkù wá fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. RAM 2GB tàbí 4GB ló wà nínú wọn, mẹ́ta nínú wọn ti gbó débi pé wọn ò lè gbé ètò 64-bit. Íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, sólà la ń lò. Ọ̀gá wa ní ká fi Windows 7 tó wà lórí wọn sílẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n rán ọ̀gá yín létí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí rí. Ní 2007, ètò One Laptop per Child tí Nicholas Negroponte dá sílẹ̀ kó ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé kékeré wọn, XO, wá sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Gàládímà, l'Ábùjá. Linux ló wà nínú ẹ̀. Mílíọ̀nù kan ẹ̀rọ ni wọ́n ń dárúkọ fún Nàìjíríà nígbà náà, kò dé. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ìròyìn tún jáde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan l'Ábùjá ti ń fi ẹ̀rọ náà wo ìwòkuwò, wọ́n wá ní àwọn yóò fi asẹ́ sí i. Kí ọdún náà tó parí, Mandriva, ilé-iṣẹ́ Linux kan ní ilẹ̀ Faransé, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ Linux àwọn kúrò lórí Classmate PC (láàpútọ́ọ̀pù ọmọléèwé ti Intel) 17,000 tó wà fún ilé ẹ̀kọ́ wa, kí wọ́n fi Windows rọ́pò, ni ọ̀gá wọn, François Bancilhon, bá kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Gbogbo ariwo yẹn, orí ohun tó máa wà lójú ẹ̀rọ ni. Ohun tí olùkọ́ máa ṣe pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn bá ti lọ, díẹ̀ ni ẹni tó béèrè.

Windows 7 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Bí fláàṣì kan bá ti ilé káfè wọlé pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì, gbogbo ogún ló máa kó o. Mint Xfce ni kí ẹ fi sí èyí tó ní 4GB. Ó máa wọ orí èyí tó ní 2GB náà, àmọ́ á máa fà tí wọ́n bá ṣí ojúlé púpọ̀ pọ̀, nítorí náà GCompris nìkan ni kí ẹ fi wọ́n ṣe fún àwọn kíláàsì kékeré. Mẹ́ta tó ti gbó, ẹ má fi àkókò ṣòfò lé wọn. Mint ti dáwọ́ 32-bit, ìyẹn ètò tí irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ń lò, dúró láti 2020, Debian náà ti yọ ọwọ́ ní 2025. Ẹ tú wọn, ẹ yọ RAM tàbí háàdì tó bá bá àwọn yòókù mu, kí àwọn ọmọ Primary 6 rí inú kọ̀ǹpútà lójúkojú. Ìyẹn náà ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ má jókòó ti ẹ̀rọ mẹ́tàdínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ to ọ̀kan dáadáa, áàpù, àkáǹtì àti gbogbo ẹ̀, kí ẹ fi Clonezilla dà á kọ sí àwọn tí àyè háàdì wọn kò kéré sí tirẹ̀.

Àìsí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìdíwọ́ tó bí ẹ ṣe rò. Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ tí Learning Equality ṣe, fún irú ilé ẹ̀kọ́ yín gan-an ni. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ tó lágbára jù nínú wọn, ẹ lọ sí ibi tí Wi-Fi wà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fa ẹ̀kọ́ Khan Academy tí ẹ bá fẹ́ wálẹ̀. Bí ẹ bá padà dé, ẹ so ó mọ́ router lásán tí kò ní SIM, àwọn yòókù á máa ti orí Firefox wo ẹ̀kọ́ náà, dátà kankan ò ní jó. Kolibri máa ń ka ẹni tó ṣe iṣẹ́ àti ẹni tí kò ṣe. Ẹ fi Kiwix kún un, òun ló ń gbé Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wikipedia Yorùbá ní àyọkà tó ju 30,000 lọ, fáìlì ẹ̀ ò sì tóbi, ẹ lè fi fláàṣì gbé e. Àwọn kan nínú àyọkà yẹn kúrú ju ìka lọ, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ.

Páásíwọ̀dù alákòóso, ẹ̀yin kan, ọ̀gá kan. Ẹ kọ ọ́ sínú àpò ìwé tí ẹ lẹ̀ pa, kó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, nítorí bí ìjọba bá gbé yín lọ sí ibòmíràn, ẹni tó bá gba ipò yín ò gbọdọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Kí ẹ tó tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pe ẹni tó ri sólà yín. Ṣájà láàpútọ́ọ̀pù sábà máa ń jẹ́ 65W. Mẹ́tàdínlógún wọn lè fa 1,105W bí bátìrì wọn bá jọ ń gba iná pọ̀. Bí inverter yín bá kéré síyẹn, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì: kí àwọn kan gba iná láàárọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù gbà á nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ ṣeré.